Sìlíńdà Òfìfo Nínú Aṣọ Olódòdó

Ìwọ tí ìwé pélébé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, jọ̀ọ́, má tíì ká a sápò. Ìtàn ọkùnrin kan ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Kì í ṣe olè, kì í ṣe apànìyàn, kò sì fìgbà kan rò pé òun ní ẹ̀ṣẹ̀ tó tó kí ẹnikẹ́ni máa tìtorí ẹ̀ wàásù fún òun. Bóyá ìwọ náà rí bẹ́ẹ̀.

Wẹ́dà ni ọkùnrin náà. Bó ti wù kí irin le tó, tó bá ti bọ́ sí i lọ́wọ́, rírọ̀ ni yóò rọ̀. Ìdí nìyí tí àwọn ará àdúgbò fi sọ ọ́ ní Amúrinrọ̀. Tí wọ́n bá ti pè é bẹ́ẹ̀, orí rẹ̀ á wú, á gbé àyà síwájú, á ní, "Kí lẹ rò? Gbogbo géètì tó dáa nílùú yìí, ọwọ́ mi ló ti jáde." Irọ́ ni o! Kò tiẹ̀ tó ìdajì. Ṣùgbọ́n ta ló ráyè bá agbéraga jiyàn?

Ó tún máa ń mutí. Kì í mu ún débi tí yóò fi ṣubú sí gọ́tà. Àwọn tó ń ṣubú sí gọ́tà ló máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, tí yóò máa dúpẹ́ pé òun kò rí bíi tiwọn. Ilé ìjọsìn sì rèé, ó ní àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni wọ́n kọ́ ọ fún.

Ìyàwó rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ aṣọ rírán ní pálọ̀ ilé wọn. Obìnrin náà ti wojú Ọlọ́run fún ọmọ títí ojú fi ń tì í láti bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ jókòó. Nígbà tí oyún wá dúró, ayọ̀ gba ilé kan. Ṣùgbọ́n oṣù oyún náà kò pé tí ọmọ fi jáde. Obìnrin ni, ó sì kéré débi pé òrùka ìyá rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè wọ̀ ọ́ lọ́rùn ọwọ́. Wọ́n gbé e sínú àpótí onígíláàsì lọ́sibítù, ẹ̀rọ ló ń bá a mí. Àwọn ará ilé wò ó, wọ́n mi orí, wọ́n sọ ọ́ ní Tíńtín.

Tíńtín kò kú. Ó fàáké kọ́rí, ó lóun ò lọ. Nígbà tí ó yá tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n máa gbé e lọ sílé, dókítà pe tọkọtaya jókòó.

"Ọmọ yín ti ja àjàbọ́," ni dókítà wí. "Àmọ́ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kò tíì gbó nígbà tó wáyé, ẹ̀rọ tó gba ẹ̀mí rẹ̀ là náà sì tún dá ọgbẹ́ sí i. Àìsàn tí í pẹ́ lára ọmọ ni. Bó bá ṣe ń dàgbà, ẹ̀dọ̀fóró náà á máa dàgbà, á máa sàn díẹ̀díẹ̀. Títí dìgbà yẹn, ọ́síjìn gbọ́dọ̀ máa wọ imú rẹ̀ tọ̀sán-tòru, kò sì gbọ́dọ̀ fa èéfín símú rárá. Sìlíńdà ọ́síjìn méjì ni kẹ́ ẹ ní nílé. Bí ọ̀kan bá ń ṣiṣẹ́, kí èkejì dúró ní kíkún."

Wẹ́dà bú sẹ́rìn-ín. "Ọ́síjìn kẹ̀! Dókítà, ohun tí mo fi ń jẹun nìyẹn. Ẹ fọkàn balẹ̀."

Òótọ́ ló sọ. Ibi kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń rọ ọ́síjìn nílùú náà, ti ọsibítù àti ti wẹ́dà, géèjì kan náà, èyí tí a fi ń wo iye tó kù, ló sì ń bá orí gbogbo sìlíńdà wọn mu. Òun fúnra rẹ̀ ló de géèjì, òun ló kọ́ ìyàwó rẹ̀ bí a ṣe ń ṣí i àti bí a ṣe ń tì í. Ìyàwó ní ìrísí irin náà ń ba òun lẹ́rù nínú ilé ọmọ tuntun. Ó wá rán aṣọ olódòdó bo èyí tó dúró ní ìpamọ́ lẹ́yìn ilẹ̀kùn pálọ̀. Ó tún gé ìrépé kan lára aṣọ náà, ó fi so ọrùn sìlíńdà, kí ẹni tó ń rọ gáàsì má baà ṣì í gbé fún ẹlòmíì.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń gbé e. Ìyàwó á máa ranṣọ, ojú kan á wà lára ẹ̀rọ ìránṣọ, ojú kan á wà lára ètè ọmọ.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọjọ́ tí mò ń sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọtí àná ṣì wà lójú wẹ́dà nígbà tó jí. Níbi tó ti ń wọ bàtà, ó ju ojú sí géèjì sìlíńdà tó ń ṣiṣẹ́, ó ṣírò bí wẹ́dà ti í ṣírò, ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé, "Èyí á gbé e di ọ̀la." Ó jáde. Kò béèrè bí ọmọ ṣe sùn. Ká ní ó béèrè ni, ì bá gbọ́ pé òfìnkìn mú ọmọ mọ́jú, pé àyà rẹ̀ ń lọ sókè sódò. Kò pẹ́ tó jáde tí nọ́ọ̀sì ọsibítù fi sọ fún ìyàwó lórí fóònù pé kó ṣí ọ́síjìn náà sókè díẹ̀ sí i. Ọ́síjìn tí a bá sì ṣí sókè, kíá ló ń tán.

Ní ìsọ̀, géètì ńlá kan ló wà níwájú rẹ̀, ti ọkùnrin kan tó fẹ́ ṣílé lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin náà dúró tì í gbọnin. Ibi tí wẹ́dà ti ń gé irin lọ ni iná ti ń rẹ̀yìn, ó pọ́n, ó kú. Ọ́síjìn ìsọ̀ ti tán. Ó ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń rọ ọ́ sí i. Wọ́n ní ẹ̀rọ àwọn bàjẹ́, ó dọ̀la.

Onígéètì yọ ṣùtì. "Háà, Amúrinrọ̀! Àṣé orúkọ lásán ni. Ká ní mo mọ̀ ni, ǹ bá gbé e fún àwọn tó mọ iṣẹ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ ọ́ lára. Ará mi, ìgbéraga burú! Ohun tí ebi kò lè ti èèyàn ṣe, ìgbéraga á tì í ṣe é.

Ó gbé sìlíńdà òfìfo tirẹ̀ sórí ọmọlanke, ó tì í dé ilé. Yàrá inú ni ìyàwó wà, ó ń fọ́mọ lọ́mú. Wẹ́dà rọra ṣí aṣọ olódòdó kúrò lára èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e, ó fi òfìfo dípò rẹ̀, ó sì da aṣọ náà bò ó. Ó wò ó, kò yàtọ̀ rárá.

"Ta nìyẹn?" Ìyàwó ń pè láti yàrá.

"Èmi ni. Mo gbàgbé nǹkan."

"Bàbá Tíńtín, ó dáa tí ẹ dé. Ẹ jẹ́ n sọ fún yín, nọ́ọ̀sì ní ká..."

"Tí mo bá dé nírọ̀lẹ́, a ó sọ ọ́. Oníṣẹ́ ń dúró dè mí."

Ó ti ilẹ̀kùn. Lójú ọ̀nà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé yíyá lòun yá a, pé tí òun bá ti gé irin náà tán òun á dá a padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ṣé ìwọ náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí? Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ tí kì í kọ́kọ́ sọ pé òun ò ní pẹ́.

Iná mọ́. Irin rọ̀. Géètì parí, ó sì dára, mi ò ní purọ́. Onígéètì lu wẹ́dà lẹ́yìn, ó ní, "Mo tọrọ àforíjì, ìwọ gan-an ni Amúrinrọ̀! Wá, jẹ́ ká lọ fi nǹkan tutù sí ọ̀fun." Ẹsẹ̀ wẹ́dà yà sílé ọtí. Sìlíńdà ọmọ rẹ̀ dúró sí ìsọ̀ pẹ̀lú ìrépé aṣọ olódòdó lọ́rùn. "Ife kan péré," ló wí, "kí n tó gbé e padà." Ife kan bí méjì, méjì bímọ.

Fóònù rẹ̀ dún. Ó rí i pé ìyàwó òun ni, ó da ojú fóònù náà délẹ̀ lórí tábìlì. Ó tún dún. Ẹnìkan ní, "Ọ̀gá, ìyàwó yín ń pè o!" Ó ní, "Bóyá òwú ló fẹ́ kí n bá òun rà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fóònù dún títí, ó sì dákẹ́.

Ẹni tó wá bá a níbẹ̀ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Atẹ́gùn. Táyà ni Atẹ́gùn ń lẹ̀ níwájú ìsọ̀ wẹ́dà, òun ló ń fún mọ́tò gbogbo àdúgbò ní atẹ́gùn. Nígbà kan rí, àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń mutí, Atẹ́gùn ló tiẹ̀ ń mu jù. Ṣùgbọ́n Jésù ti gbà á lọ́wọ́ ọtí, láti ìgbà náà ni wẹ́dà sì ti ń pè é ní "Pásítọ̀" láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Lọ́jọ́ yìí, kò sí yẹ̀yẹ́ lójú ẹni kankan.

"Dìde," ni Atẹ́gùn wí. "Ọmọ ẹ wà lọ́sibítù."

Ojú ọ̀nà ló ti sọ fún un. Ìyàwó rẹ̀ ló sáré jáde sí títì, ọmọ lọ́wọ́, ètè ọmọ ti dúdú bí aró. Ọlọ́kọ̀ kan tí Atẹ́gùn ń bá lẹ táyà ló gbé wọn. Sìlíńdà tó ń ṣiṣẹ́ ló tán. Ìyàwó ṣí aṣọ kúrò lára èkejì, kò ráyè wò ó bóyá ìrépé wà lọ́rùn rẹ̀, ó de géèjì sí i bí ọkọ rẹ̀ ti kọ́ ọ, ó ṣí i. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ṣí i títí ọwọ́ fi ń ro ó, kò sí ohun tó jáde.

Ọtí dá lójú wẹ́dà lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Tíńtín ti padà sórí ẹ̀rọ. Dókítà kò lè sọ pé yóò yè, kò sì sọ pé yóò kú. Ìyá wẹ́dà ti dé, ó dúró lójú ọ̀nà wọ́ọ̀dù, ó ń fi ìyàwó ọmọ rẹ̀ wọ́lẹ̀. "O ò mọ èyí tó kún yàtọ̀ sí èyí tó ṣófo! Ọmọ tí a fi ẹkún tọrọ! Irú ìyá wo nìwọ?"

Dókítà jáde, ó ní, "Ẹ dákun, ta ló gbé sìlíńdà òfìfo wọlé?"

"Èmi ni, dókítà," ni ìyàwó wí. "Èmi ni mo gbà á wá láti ibi tí wọ́n ti ń rọ ọ́. Mo rò pé mo yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní láti jẹ́ pé mi ò yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa."

Gbogbo ojú yí sí ọkọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yẹ kó jáde rèé. Wẹ́dà wúkọ́, ó ní, "Ó yẹ kéèyàn máa fara balẹ̀."

Háà! Ó yẹ kéèyàn máa fara balẹ̀! Ọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ojú ara rẹ̀ ló sì fi ń wo obìnrin náà. Ìyàwó bá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. "Ọkọ mi, ẹ dárí jì mí. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi pa ọmọ yín."

Wẹ́dà kò lè gbé e dìde. Ó já ẹsẹ̀ rẹ̀ gbà, ó sì jáde.

Ẹ̀yìn ọsibítù ló bá ara rẹ̀. Àwọn sìlíńdà tó wà níbẹ̀, tí wọ́n tò wọ́n ti ògiri, kò lóǹkà, wọ́n sì ń wò ó. Ó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan, ó dojú dé ọwọ́. Irin tí ó ti rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ kò níye, àmọ́ ọkàn inú ara rẹ̀ kò rọ̀ débi tí yóò fi sọ gbólóhùn kan péré. Ó rí ara rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ohun tó rí sì rí i lára. Kò rí Amúrinrọ̀ mọ́. Ọ̀dájú ló rí, ẹni tó gba èémí lẹ́nu ọmọ rẹ̀, tó tún gbé ẹ̀ṣẹ̀ náà lé ìyá ọmọ lórí.

Atẹ́gùn wá jókòó tì í.

Wẹ́dà ní, "Bá mi gbàdúrà. Sọ fún Ọlọ́run ẹ pé tó bá dá ọmọ yìí sí, mi ò ní fẹnu kan ọtí mọ́ láé. Màá máa wá sí ṣọ́ọ̀ṣì yín. Màá ṣe géètì fún yín lọ́fẹ̀ẹ́."

"Ọlọ́run kì í ṣe oníbàárà ẹ," ni Atẹ́gùn dáhùn. "Kò bá ẹ ná ọjà. Mo rí ìrépé aṣọ tó wà lọ́rùn sìlíńdà tó wà ní ìsọ̀ ẹ."

Wẹ́dà gbé orí sókè. "Ṣé o ti sọ fún wọn?"

"Rárá. Bí mo bá sọ ọ́, àṣírí ẹ ló tú. Bí ìwọ bá sọ ọ́, ẹ̀ṣẹ̀ ẹ lo jẹ́wọ́. Wọn kì í ṣe nǹkan kan náà."

"Ìyàwó mi á kọ̀ mí sílẹ̀."

"Ó lè kọ̀ ẹ́."

"Ìyá mi ńkọ́? Gbogbo ayé á fi mí ṣẹ̀sín."

"Ọ̀rẹ́ mi, èwo ló burú nínú kí ayé fi ẹ́ ṣẹ̀sín àti kí obìnrin yẹn rò títí ayé ẹ̀ pé òun lòun pa ọmọ òun?" Atẹ́gùn gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Gbọ́. Ìgbà tí mo wà nínú ọtí, mo rò pé kí n kọ́kọ́ tún ara mi ṣe kí n tó wá bá Jésù. Mi ò rí i ṣe. Ṣé táyà tó bẹ́ lè fún ara ẹ̀ ní atẹ́gùn ni? Ẹni tí kò dẹ́ṣẹ̀ kankan gba ẹ̀bi wa, ó gbé e dé orí igi àgbélébùú, Ó kú síbẹ̀, Ó sì jí dìde. Ìwọ gbé ẹ̀bi tìẹ lé aláìṣẹ̀ lórí lónìí nípá. Jésù ní tìrẹ, fúnra ẹ̀ ló ní kó o gbé e wá. Ohun tó ń fẹ́ ni pé kó o yéé fi aṣọ bò ó."

Wẹ́dà bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Ó kúnlẹ̀ láàárín àwọn sìlíńdà náà. Àdúrà rẹ̀ kò dùn létí, kò sì gùn. Ó ní, "Olúwa, èmi ni. Èmi ni mo gbé e. Mo purọ́, mo mutí lórí ẹ̀mí ọmọ mi, mo jẹ́ kí ìyàwó mi kúnlẹ̀ fún mi. Mi ò ní nǹkan kan tí mo lè fi dí i. Jésù, ṣàánú mi. Bí ọmọ yìí yè, bí kò yè, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Gbà mí."

Nígbà tó dìde, kò tíì mọ̀ bóyá ọmọ rẹ̀ ṣì wà láyé. Ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ.

Ó bá ìyàwó rẹ̀ níbi tó fi sílẹ̀ sí, ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì náà wà níbẹ̀. Kò fà á gùn. Ó ní, "Ìyá Tíńtín, sìlíńdà tó o gbé wá kún. Èmi ni mo gbé e lọ sí ìsọ̀, mo fi òfìfo tèmi síbẹ̀, mo da aṣọ ẹ bò ó. O ò ṣe nǹkan kan. Èmi ni."

Ìyá rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

Ìyàwó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Nígbà tí mo kúnlẹ̀, ẹ ń wò mí."

"Mo ń wò ẹ́."

Ìyàwó yí ẹ̀yìn sí i. Ìyá wẹ́dà lọ gbá ìyàwó ọmọ rẹ̀ mọ́ra, ó ń sunkún, ó ń wí pé, "Jọ̀ọ́, ọmọ mi, ẹnu mi ló gbé mi dé bẹ̀." Wẹ́dà dá dúró. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìtìjú náà, ohun kan tó ti dì í láyà láti ìgbà pípẹ́ tú sílẹ̀, ó sì mí kanlẹ̀.

Mi ò ní parọ́ fún ọ pé gbogbo nǹkan dọ́gba lọ́jọ́ náà. Tíńtín pẹ́ lórí ẹ̀rọ. Ọlọ́run dá a sí, ó padà sílé, ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ gba ọgbẹ́ kún ọgbẹ́, ó sì pẹ́ sí i lórí ọ́síjìn ju bí dókítà ti rò tẹ́lẹ̀. Títí di ìsinsìnyí, bí ojú ọjọ́ bá yí padà, á máa hú ikọ́, baba rẹ̀ á sì máa gbọ́ ọ. Ọlọ́run dárí ẹ̀ṣẹ̀ jì í, àmọ́ ikọ́ yẹn kò dá. Lára ohun tí ẹ̀ṣẹ̀ bá fọ́, àwọn mìíràn á pẹ́ nílẹ̀.

Wẹ́dà kò padà sílé ọtí. Bí onígéètì bá pè é ní Amúrinrọ̀, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹlòmíì ló mú èmi gan-an rọ̀." Ìyàwó kò lé e, kò sì jẹ́ kó fọwọ́ kan sìlíńdà kankan nínú ilé. Òun nìkan ló ń gbà á wá, òun nìkan ló ń dè é. Wẹ́dà kò jà, kò bẹ̀bẹ̀ jù. Ó ń fọ aṣọ ọmọ, ó ń wẹ èéfín iṣẹ́ kúrò lára kó tó wọlé, ó ń gbàdúrà.

Títí di ọ̀sán ọjọ́ kan tí ó ń sá aṣọ sórí okùn, tó gbọ́ ohùn ìyàwó láti inú ilé.

"Bàbá Tíńtín."

"Mò ń bọ̀."

Ìyàwó ti ṣí aṣọ olódòdó kúrò lára sìlíńdà tuntun. Ó na géèjì sí i. "Ẹ wá bá mi dè é."

Wẹ́dà rọra dè é. Ìyàwó ló ṣí i fúnra rẹ̀, ó tẹ́tí, ó gbọ́ bí ọ́síjìn ṣe ń tú jáde. Lẹ́yìn náà ló ká aṣọ olódòdó náà, kò sì fi bo sìlíńdà kankan mọ́ láti ọjọ́ náà.

Ìwọ ńkọ́, ìwọ tó ń kà mí?

Má sọ fún mi pé ìwọ kì í ṣe wẹ́dà, tàbí pé o kì í mutí. Kí lo fi aṣọ dáadáa bò sẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ta ni aláìṣẹ̀ tó ń gbé ẹ̀bi ẹ kiri, tí ìwọ ń sọ fún pé ó yẹ kéèyàn máa fara balẹ̀? Àwọn tó ń kọjá ń yìn ọ́, wọ́n ní aṣọ náà lẹ́wà. Ọlọ́run mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọjọ́ tí a ó ṣí i sì ń bọ̀.

Má ṣe sọ pé o máa tún un ṣe nírọ̀lẹ́. Ohun tí wẹ́dà sọ nìyẹn. Níbi tí o wà yìí gan-an, nínú ọkọ̀ ni o, ní ìsọ̀ ni o, lórí bẹ́ǹṣì ọsibítù ni o, kúnlẹ̀ nínú ọkàn ẹ, kí o sọ fún Jésù pé, "Olúwa, èmi ni. Ṣàánú mi." Kò tíì lé ẹnikẹ́ni tó wá bẹ́ẹ̀ padà rí. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o wá ẹni tí o ṣẹ̀ lọ.

O ń mí báyìí. Ìwọ kọ́ lo rọ èémí náà sí ara ẹ, kò sì sí géèjì tí o lè wò kí o mọ èyí tó kù. Lónìí ni kí o wá.